Ìró, Ohùn àti Ariwo: Títẹ́tí sí Ọgbà Yunifásítì gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́ Lámèyítọ́

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú bébà yìí ni ìbéèrè kan tí ó rọrùn láti bèèrè ṣùgbọ́n tí ìdáhùn rẹ̀ kò rọrùn: nígbà tí a bá gba ewì alohùn sínú ẹ̀rọ láti ẹnu apohùn, tí a sì jókòó láti dà á kọ sórí ìwé, kí ni a ń jù nù? Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ohùn ni, nítorí pé àmì tí a ń fi sórí fáwẹ̀lì kò lè sọ bí ìjálá ti yàtọ̀ sí rárà fún ẹni tí kò gbọ́ méjèèjì rí. Òótọ́ ni. Èrò tiwa ni pé ohun mìíràn wà tí a ti ń jù nù kí ó tó kan ohùn, tí a kì í tilẹ̀ kà sí àdánù. Èyí ni ìró ibi tí a ti pe ewì náà. Ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí a mọ̀ sí Yunifásítì Ifẹ̀ títí di ọdún 1987, ni a fi ṣe ibi àyẹ̀wò. Kì í ṣe pé ìró ibẹ̀ dùn ju ti ibòmíràn lọ. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wa ti ń kọ́ bí a ti ń da ewì kọ, láìtẹ́tí sí ibi tí a jókòó sí.

Ẹni tí a sábà máa ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá kan ìró àyíká ni R. Murray Schafer, olórin ará Kánádà, tí ó kọ The Tuning of the World ní 1977. Kí ìwé náà tó jáde ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Simon Fraser ti ń gba ìró ìlú Vancouver sílẹ̀. Àwo tí wọ́n ṣe láti inú iṣẹ́ náà, The Vancouver Soundscape, jáde ní 1973. Schafer ya irú ìró mẹ́ta sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni ìró ìpìlẹ̀, tí ó wà nígbà gbogbo débi pé etí kò bìkítà fún un mọ́, bí ìró òkun fún ará etíkun. Ọ̀kan ni ìró àmì, tí a fẹ́ kí a gbọ́, bí agogo tàbí fèrè. Ìkẹta ni ìró tí àdúgbò kan fi ń yàtọ̀ sí òmíràn, tí ọmọ ibẹ̀ yóò fi mọ̀ pé òun ti délé. Ó tún fi ìyàtọ̀ sáàrin àyíká tí ìró inú rẹ̀ mọ́ gaara, tí a ti lè gbọ́ ìró kékeré láti òkèèrè, àti àyíká tí ìró ti dà pọ̀ mọ́ra bí ti ìlú ńlá òde òní. Kò fi pamọ́ pé ti àkọ́kọ́ ni òun fẹ́, àti pé ìró ẹ̀rọ jẹ́ ìdọ̀tí tí ó yẹ kí a gbá kúrò.

A kò ní í bu ìpín yìí kù. Òun ni ó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé àyíká ní ohun tí a lè gbọ́ láti òpin dé òpin bí a ti ń gbọ́ orin. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e wá sí Ifẹ̀, kì í pẹ́ tí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rọ amúnáwá, tí gbogbo ayé ń pè ní jẹnẹrétọ̀. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ìró ìpìlẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ kò sí ẹni tí ó tún gbọ́ ọ. Ìdọ̀tí ni pẹ̀lú, nítorí ó bo gbogbo ìró kékeré mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà tí ó bá dákẹ́ ni gbogbo ilé yóò gbé orí sókè. Ìdákẹ́ náà tún pé oríṣi méjì. Ẹ̀rọ tí epo rẹ̀ tán a máa wúkọ́, a ta gìrì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kú. Èyí tí ènìyàn mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa, ìró rẹ̀ a máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi wá a tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ẹ̀rọ náà rárá mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, a ó gbọ́ òṣé. Bí ó bá jẹ́ èkejì, iná ti dé nìyẹn, gbogbo ilé yóò sì hó lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ọ́pù Nẹ́pà!”

Ìhó yìí yẹ fún àyẹ̀wò tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Iléeṣẹ́ Nẹ́pà tí a dá sílẹ̀ ní 1972 kò jẹ́ orúkọ yẹn mọ́ láti 2005, a sì ti fi iṣẹ́ pínpín iná lé àwọn iléeṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2013. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn èyí ṣì ń hó o. Ohun tí oríkì máa ń ṣe ni: ó ń gbé orúkọ tí kò sí mọ́ lọ́wọ́ kiri láìbéèrè bóyá ẹni tí ó ni ín ṣì wà. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nísinsìnyí ni pé kò sí ọ̀kan nínú ìpín mẹ́ta Schafer tí ó gba ohun tí a ṣàpèjúwe yìí tán. Ìdákẹ́ ni àmì, ìdọ̀tí ni ìròyìn, àwọn tí ó sì gbọ́ àmì náà di olùpe ohùn fúnra wọn.

Èdè Yorùbá ní ọ̀nà tirẹ̀ láti pín ìró, inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sì kó o pa mọ́ sí. Àkùkọ a kọ, ajá a gbó, àrá a sán, ìlù a ró, agogo a dún, oyin a kùn, omi orí iná a hó. A kò lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì àfi bí a bá ń ṣàwàdà tàbí tí a ń kéwì. Kì í ṣe bí ìró náà ti le tó ni a ń wò níbí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bóyá ó wà níwájú tàbí lẹ́yìn. Ohun tí ó wà nídìí ìró náà, àti ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́, ni a ń wò. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀-ìṣe kan fi lè so ohun tí etí nìkan kò ní so pọ̀ mọ́ ara wọn. Oyin ń kùn. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìdájọ́ ń kùn. Lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, jẹnẹrétọ̀ ń kùn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọ ara wọn bí a bá fi ẹ̀rọ wọ̀n wọ́n, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú olúkúlùkù wọn tí kò tíì tú jáde. Bákan náà ni ìkòkò àti ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ṣe ń hó: ooru ti pọ̀ ju ohun tí inú lè gbà lọ.

Ọ̀rọ̀-orúkọ ìró pàápàá kò dúró sí ibi tí a rò pé ó dúró sí. Bí a bá sọ pé a kò gbúròó ẹnì kan mọ́, gbọ́ àti ìró ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí a ń sọ ni pé a kò mọ ibi tí ó wà tàbí bí ó ti wà. Ìró, nípa báyìí, ni ohun tí ẹni tàbí nǹkan fi ń jẹ́ kí a mọ̀ pé òun wà. Gbígbọ́ náà kò mọ sí etí. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ẹni tí ó yé. Ọmọ tí kò gbọ́ràn kì í ṣe adití. Tí a bá fẹ́ sọ iṣẹ́ tí etí ń ṣe kí gbígbọ́ tó dé, a ní títẹ́tí, fífetí sílẹ̀. Ní kíláàsì tiwa, fún ìdí tí ó dára, a ti pa ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mọ́ ààyè tóóró: ìró ti di fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì, ohùn ti di òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ fonọ́lọ́jì láìṣe bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe wà níbẹ̀ bí a bá gbé ààyè tóóró yìí lọ sídìí ewì, tí a sì rò pé gbogbo ìró tí ó kù jẹ́ ariwo.

Ọ̀nà tí a gbà kọ́ ilé ní Ifẹ̀ kò jẹ́ kí èyí rọrùn láti gbà gbọ́. Yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1962, ó sì kó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967, sí ọgbà tí Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì, darí yíya àwòrán rẹ̀. Àwọn ilé tí a mọ̀ sí Humanities dà bí pírámíìdì tí a dorí rẹ̀ kodò: àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ kí òòrùn àti òjò má baà bá ẹni wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Ibi tí atẹ́gùn bá gbà, ìró náà yóò gbà á. Ẹni tí ó jókòó lókè yóò gbọ́ ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀, yóò gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, yóò gbọ́ olùkọ́ yàrá kẹta bí ó ti ń tún gbólóhùn kan sọ fún àwọn tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní àwọn oṣù tí àdán ńláńlá bá wà lórí igi inú ọgbà, yóò gbọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń dìde lọ jẹun, igbe tí kì í ṣe ti ẹyẹ tí kì í sì í ṣe ti eku, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn.

Láti inú gbogbo ìwọ̀nyí, ìró bàtà ni a fẹ́ dúró lé. Bí bàtà kan bá ń dún bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò yára tí kò sì falẹ̀, kíláàsì tí ń hó tẹ́lẹ̀ yóò pa lọ́lọ́. Kò sí ẹni tí ó kéde pé olùkọ́ ń bọ̀. Kì í sì í ṣe pé bàtà náà le ju ti àwọn yòókù lọ. Sílípáàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ nílẹ̀ lè dún jù ú. Orin kan wà tí púpọ̀ nínú wa kọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó fi ìró bàtà ṣe èrè fún ọmọ tí ó bá kàwé. Kí ọmọ náà tó dé yunifásítì ni a ti kọ́ etí rẹ̀ ní irú ẹni tí irú ìró bẹ́ẹ̀ ń kéde. Bí a bá bi onímọ̀ ẹ̀rọ, yóò sọ fún wa bí gìgísẹ̀ ti kan ilẹ̀ àti iye ìgbà tí ó kàn án. Ohun tí kíláàsì gbọ́ kò sí nínú ìyẹn rárá.

Ìpè ládánì ní ìdájí náà ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Gbohùngbohùn ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ kárí, síbẹ̀ ẹni tí ó ń dìde lọ kírun kò ní í sọ pé ó dún tàbí pé ó ró. Ó pe ìrun ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe Mùsùlùmí a máa fi ìpè kan náà jí kàwé. Fún ti àkọ́kọ́ ìpè ni, fún èkejì aago ni. Ìyàtọ̀ náà kò sí nínú ìró, ọ̀dọ̀ ẹni tí ìró bá ni ó wà.

Ó tó àkókò kí a bọ́ sórí téèpù. Ní ìdí ẹ̀kọ́ lórí ewì alohùn, a pe apohùn ìjálá kan wá bá kíláàsì, a sì jókòó sísàlẹ̀ ilé náà níbi tí kò ní ògiri. Iná kò sí. Jẹnẹrétọ̀ kan ń kùn ní ẹ̀yìn ilé kejì láti ìgbà tí Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ìbà. Ó júbà, ó ki Ògún, ó bọ́ sórí oríkì ìdílé kan, ó sì ti ń lọ dáadáa nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ náà rọlẹ̀ tí ó dákẹ́, tí àwọn tí ó wà ní àjà òkè sì hó bí a ti mọ̀ wọ́n. Bàbá dúró. Ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó mí kanlẹ̀, ó sì mú oríkì erin sẹ́nu. Ó kí erin tí ó wó tí igbó mì. Ó kí àwọn tí ó gbọ́ ìṣubú rẹ̀ nílé tí wọ́n fi ìhó ayọ̀ sáré mú ọ̀bẹ. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó padà sórí oríkì ìdílé.

Àdàkọ tí a fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e péye ní ti ọ̀rọ̀, àmì ohùn rẹ̀ sì dára púpọ̀. Níbi tí a ń sọ yìí, ẹni tí ó dà á kọ fi àkámọ́ méjì sí i, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sáàrin wọn: ariwo. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oríkì erin bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju èje lọ. Bí a ti ń jíròrò lórí rẹ̀, wọ́n fi ibẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ bí ewì alohùn ṣe máa ń fò láti orí kókó kan sí òmíràn láìní ìdí, àti bí oríkì kan ṣe lè wọ inú òmíràn níbikíbi nítorí pé kò sí okùn tí ó so wọ́n pọ̀. Ìdájọ́ yìí kì í ṣe tuntun, ó sì ní ibi tí ó ti tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ibi yìí kò sí ìfò kankan. Apohùn dá àyíká lóhùn. Ó gbọ́ ìhó, ó sì mọ̀ pé ìhó ẹni tí ohun ńlá wó fún ni. Ó wá inú ohun tí àwọn ọdẹ ní fún irú ìhó bẹ́ẹ̀, ó sì rí erin. Ó fi jẹnẹrétọ̀ ṣe ẹran ńlá, ó fi akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ará ilé tí ń pọ́n ọ̀bẹ. Ẹni tí ó bá ka àdàkọ náà yóò rí oríkì erin tí kò yàtọ̀ sí èyí tí a ti rí rí, yóò sì sọ pé àkọ́sórí ni. Ìṣẹ̀dá tí ó jinlẹ̀ jù lọ ní ọ̀sán yẹn wà lábẹ́ àkámọ́.

A gbà pé àwọn aṣáájú wa kò fi ohùn ṣeré. Bí a ti ń lo ohùn ni Ọlátúnjí, nínú Features of Yorùbá Oral Poetry (1984), fi dá àwọn ewì tí a ń fi ìsàré pè mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn tí ìhun wọn ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ Barber lórí oríkì ní Òkukù, tí ó jáde ní 1991, kò jẹ́ kí a gbàgbé ẹni tí a ń kì àti ẹni tí ń gbọ́. Ohun tí a ń bèèrè fún kò ta ko ìwọ̀nyí. Ẹ tún wo orúkọ tí a fún ẹ̀rọ tí a ń lò: agbohùnsílẹ̀. A kò pè é ní agbàrósílẹ̀. Orúkọ náà sọ ohun tí a fẹ́ kí ó ṣe fún wa, kò sọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹ̀rọ kò mọ ohùn yàtọ̀ sí ìró. Ó gba bàtà, ó gba àdán, ó gba ikọ́ ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn. Àwa ni a yọ ohùn jáde nínú ìró, tí a yọ ọ̀rọ̀ jáde nínú ohùn, tí a sì pe èyí tí ó kù ní ewì náà. Fóònù tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba nǹkan sílẹ̀ lónìí tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa yọ ọ́ fúnra rẹ̀, nítorí a ṣe é kí ó lè dín ohun tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu kù kí a tó gbọ́ ọ rárá. Ó yẹ kí ẹni tí ń lọ sóko ìwádìí mọ èyí kí ó tó kúrò nílé.

Ẹnì kan lè bi wá pé ṣé gbogbo ikọ́ àti gbogbo ìgbálẹ̀ ni kí a wá máa kọ sílẹ̀, tí ìwé yóò fi di ààtàn. Rárá. Ìró tí apohùn tàbí àwọn òǹgbọ́ bá dá lóhùn ni ó kọ́kọ́ kàn wá, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a mu ni kí a sì fi kọ ọ́: ó hó, ó kùn, ó dákẹ́, ó ké. Bí a bá ti kọ “ariwo” a kò tíì kọ nǹkankan, nítorí ariwo kì í sọ ẹni tí ó pa á.

Èyí tí ó ṣòro ni ìró tí kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn, ṣùgbọ́n tí ó wà nídìí gbogbo ohun tí a gbọ́. Nígbà tí a tún téèpù náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ṣàkíyèsí pé láti orí ìbà ni Bàbá ti gbé ohùn rẹ̀ sókè ju kíkùn ẹ̀rọ náà lọ, kí òǹgbọ́ tí ó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́ ọ. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ dákẹ́, kò rẹ ohùn sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fi ohùn òkè yẹn pe gbogbo oríkì erin, ó sì di ìgbà tí ó padà sórí oríkì ìdílé kí ohùn rẹ̀ tó wálẹ̀ sí ibi tí ó dà bí ẹni pé ó ti fẹ́ kí ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ìdajì àkọ́kọ́ téèpù yìí nìkan ṣàpèjúwe ohùn ìjálá, apá kan nínú ohun tí a ó ṣàpèjúwe ni jẹnẹrétọ̀. Iye téèpù, nínú èyí tí a jogún àti èyí tí àwa fúnra wa gbà, tí ó ní irú ìṣòro yìí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n láti inú àdàkọ wọn. Àfi kí a padà lọ gbọ́ wọn.

A ti tún ti ọ̀sán yẹn dà kọ. Níbi tí àkámọ́ wà tẹ́lẹ̀, ohun tí ó wà níbẹ̀ báyìí nìyí: “Jẹnẹrétọ̀, tí ó ti ń kùn láti orí ìbà, rọlẹ̀, ó sì dákẹ́. Àwọn ará àjà òkè hó ‘Ọ́pù Nẹ́pà’ lẹ́ẹ̀mejì. Apohùn gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó mí. Ohùn rẹ̀ kò tíì wálẹ̀.”